Ìlẹ̀kùn Kékeré Inú Ẹ́ńjìnnì

Ọkùnrin kan wà tí ó ń ta òròmọdìyẹ. Kì í ṣe adìyẹ ńlá ni ó ń tà. Òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́-kan ni, àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹyin, tí ara wọn rọ̀ bí òwú. Yàrá kan wà nínú ilé rẹ̀ tí ó gbé ẹ̀rọ ńlá kan sí, ẹ̀rọ tí ń sàba lé ẹgbẹ̀rún ẹyin lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ẹyin ń lò nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá jáde, ọkùnrin yìí á kó wọn sínú páálí oníhò, á sì gbé wọn lọ fún àwọn àgbẹ̀ tí ó ti sọ pé àwọn fẹ́.

Ó yẹ kí o mọ ohun kan nípa òròmọdìyẹ. Kí ó tó jáde, ó ti gba pupa ẹyin sínú ikùn ara rẹ̀. Oúnjẹ tí yóò jẹ lójú ọ̀nà ti wà nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ó lè rin ìrìn ọjọ́ méjì láìjẹ nǹkan kan. Mo ti mọ èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún, síbẹ̀ bí mo bá ti rántí rẹ̀, ẹnu máa ń yà mí. Ohun tí kò lè fara dà ni òtútù. Bí òtútù bá mú un fún wákàtí díẹ̀, ó tán.

Ọkọ̀ tí ọkùnrin yìí fi ń ṣiṣẹ́ jẹ́ tòkunbọ̀ kékeré kan láti ilẹ̀ Yúróòpù, irú èyí tí kò ní bùùtù gígùn, tí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sókè bí ọmọrí àpótí. Bí ó bá ti ìjókòó ẹ̀yìn wọlẹ̀, páálí mẹ́rin á wọ̀ ọ́ láìfún ara wọn. Àwọn ará àdúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Alàgbà, ta ló gé ìdí ọkọ̀ yín?"

"Ìdí tí wọ́n gé yẹn ni kò jẹ́ kí ó máa jẹ epo bí tiyín," ni ó máa ń dá wọn lóhùn.

Òótọ́ ni ó sọ nígbà náà. Ọkọ̀ náà kì í jẹ epo.

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn mú gan-an, ọkọ̀ náà hó lójú ọ̀nà. Ọwọ́ aago ooru gòkè dé ibi pupa, ooru sì ń rú jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n fà á dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan ní ìlú rẹ̀. Mẹkáníìkì tú họ́ọ̀sì òkè, ó ti ìka bọ inú ibẹ̀, ó sì yọ nǹkan róbótó kan jáde, tí kò tóbi ju àárín àtẹ́lẹwọ́ lọ. Idẹ ni wọ́n fi ṣe é, ó sì ní sípíríǹgì nídìí. Tẹ́mósítáàtì ni wọ́n ń pè é.

"Ọ̀gá, ọlọ́ràn rèé," ni mẹkáníìkì wí. "Ó ti gan. Kò ṣí mọ́."

"Níbo ni a ti máa rí òmíràn rà?"

"Òmíràn kẹ̀? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe nínú oòrùn yìí? Òyìnbó ṣe é nítorí yìnyín ìlú wọn ni. Gbogbo ọkọ̀ tí ó bá dé ọ̀dọ̀ mi ni mo ń yọ ọ́ nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí omi máa lọ kó máa bọ̀ bó ṣe wù ú."

"Ṣé kò ní dá wàhálà sílẹ̀?"

"Wàhálà wo? Ẹ gùn ún, kí ẹ wo bí aago yín ṣe máa sùn."

Ọkùnrin náà gùn ún. Ní tòótọ́, ọwọ́ aago ooru sùn sísàlẹ̀, kò sì dìde mọ́. Inú rẹ̀ dùn. Bí ó bá pàdé ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń gbóná, á júwe mẹkáníìkì yẹn fún un.

Jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí mo fẹ́ kí iṣẹ́ nǹkan róbótó yìí yé ọ kí a tó tẹ̀síwájú. Omi ni ó ń gbé ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Ó ń yí ara rẹ̀ ká, ó ń gba ooru, ó sì ń gbé e lọ sí radiétọ̀ níwájú, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí láàárọ̀ kò tíì ní ooru àpọ̀jù. Èyí tí ó nílò gan-an kò tíì tó o. Nítorí náà, àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ fi ìlẹ̀kùn kékeré kan sí ojú ọ̀nà omi. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ìlẹ̀kùn náà á tì, omi á máa yí níbi kan náà títí yóò fi gbóná dé ìwọ̀n. Bí ó bá dé ìwọ̀n, ìlẹ̀kùn á ṣí. Bí omi bá tún fẹ́ tutù jù, ìlẹ̀kùn á padé díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe ní gbogbo ọjọ́ ayé ọkọ̀, láìsí ẹni tí ó ń rí i.

Nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́, bí a bá yọ ọ́, ọkọ̀ lè fara dà á fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n irú ọkọ̀ kékeré tí mò ń sọ yìí ní kọ̀ǹpútà tí ń bu epo fún un. Kọ̀ǹpútà náà á bi omi pé, "Ṣé ara ti yá?" Bí omi bá ní kò tíì yá, á bu epo kún epo, bí ìyá ti ń fún ọmọ tí òtútù mú ní ẹ̀kọ gbígbóná sí i. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti yọ ìlẹ̀kùn yẹn, omi kò sọ pé ara ti yá mọ́. Epo ń wọlé ju bó ṣe yẹ lọ lójoojúmọ́. Èyí tí kò jóná ń di èéfín dúdú lẹ́nu púlọ́ọ̀gì. Ìyókù ń yọ́ wọ inú ọ́ìlì, ó ń sọ ọ́ di ṣíṣàn.

Oṣù mélòó kan kọjá. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mu epo. Sálẹ́ńsà rẹ̀ ń tú èéfín dúdú. Iná pupa kékeré kan tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kò sì kú. Ọkùnrin náà gbé e lọ fún ẹni tí ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe. Ẹni yẹn wo iná náà, ó gé tépù dúdú díẹ̀, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lójú. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn ọkùnrin náà pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ara ọkọ̀ yá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó pààrọ̀ páǹpù epo, ara ọkọ̀ yá fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò wá sí i lọ́kàn láti padà sórí ohun tí wọ́n yọ sọ nù. Aago ń sọ fún un pé ara ọkọ̀ tutù, òun náà sì gbà pé títutù ni ìlera.

Ní àkókò yẹn, àwọn obìnrin méjìlá kan ní ìlú olókè kan ní apá Òkè-Ògùn kó ara wọn jọ, wọ́n sì kọ́ ilé adìyẹ. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí ni wọ́n ti béèrè òròmọdìyẹ tí yóò máa gbé wá fún wọn díẹ̀díẹ̀. Ọyẹ́ ti dé nígbà tí ó gbé tàkọ́kọ́ lọ. Ọkọ̀ kò lágbára lórí òkè. Ó ń rìn, ó ń dúró, ìrìn wákàtí mẹ́ta sì di odindi ọjọ́. Nígbà tí wọ́n ṣí páálí, èyí tí ó kú ju èyí tí ó yè lọ.

Ìyá tí ó jẹ́ olórí wọn kò pariwo.

"Bàbá Òròmọdìyẹ," ó wí, "a ò bá yín jà. Ẹ̀yin náà pàdánù. Ẹ lọ gbé òmíràn wá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún kú sọ́nà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká wá ẹlòmíràn. A ò lè kọ́lé adìyẹ ká máa fi ṣe ibi ìsìnkú."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Bí àwọn obìnrin wọ̀nyí bá fi í sílẹ̀, gbogbo ìlú tí ó yí wọn ká á fi í sílẹ̀, nítorí ẹnu wọn ni àwọn yòókù ń wò.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún tún pé. Ó kó irinwó òròmọdìyẹ sínú páálí mẹ́rin, ó sì gbéra láàárọ̀. Ọyẹ́ mú débi pé ètè ń bó. Nígbà tí ó dé ìsàlẹ̀ òkè tó kẹ́yìn, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó gbọ̀n, ó tú èéfín dúdú, ó sì kú. Ó tún ṣíná sí i, kò jẹ́. Inú páálí mẹ́rin ni wọ́n ti ń ké ṣíọ́ṣíọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Lápá ọ̀tún ọ̀nà, ìyá àgbàlagbà kan jókòó lábẹ́ àtíbàbà páànù, ó wọ ṣòkòtò iṣẹ́ tí ọ́ìlì ti sọ di dúdú. Ìyá yìí ti ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì fún ìjọba rí, ó ti fẹ̀yìn tì, ó sì padà sí ìlú rẹ̀ láti máa tún ọkọ̀ ṣe.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí."

"Kí lo gbé sẹ́yìn tó ń ké?"

"Òròmọdìyẹ ni, Màmá. Irinwó."

"Gbé wọn wá síbi sítóòfù kọ́kọ́. Ọkọ̀ lè dúró."

Wọ́n gbé páálí wọlé. Ìyá náà tan sítóòfù, ó fi aṣọ yí àtíbàbà ká kí atẹ́gùn má baà wọlé. Ìgbà tí igbe àwọn ọmọ náà rọlẹ̀ ni ó tó lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fa irin tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì yọ, ó gbóòórùn rẹ̀, epo ni ọ́ìlì náà ń rùn. Ó fọwọ́ kan họ́ọ̀sì òkè, kò gbóná tó bó ṣe yẹ. Ó wá yíjú sí ọkùnrin náà.

"Ta ló yọ tẹ́mósítáàtì?"

"Mẹkáníìkì mi ni, Màmá. Ó ní ìlú wa gbóná, pé kò wúlò níbí."

"Ta ló wá sọ fún un pé ìlú ni nǹkan yẹn ń ṣọ́? Inú ẹ́ńjìnnì ló ń gbé." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ìlú wa gbóná lóòótọ́. Kí ló dé tí o kò kó ẹyin rẹ síta sínú oòrùn, kí o lọ sùn?"

Ọkùnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò jáde.

"Ẹyin ò ṣe é ṣe bẹ́ẹ̀, Màmá. Dígírì mẹ́tàdínlógójì àti ààbọ̀ ni ooru rẹ̀. Bí ó bá fi díẹ̀ lé jù, wọ́n á kú síkùn ẹyin. Bí ó bá fi díẹ̀ dín, wọ́n á kú."

"Tọ̀sán tòru fún ọjọ́ mọ́kànlélógún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ìwọ lo jókòó tì í?"

"Rárá o. Nǹkan kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ náà tó ń…" Ó wo ọkọ̀. Ó wo páálí mẹ́rin. Ó jókòó sórí táyà kan tí ó wà nílẹ̀.

"Ó tó," ni ìyá náà wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ó ti yé ọ. Dìde, bá mi bu omi."

Ó ní garawa kan tí ó kún fún páàtì tí ó tú lára àwọn ọkọ̀ tí ó ti kú. Ó wá tẹ́mósítáàtì méjì rí nínú rẹ̀ tí ó bá ẹ́ńjìnnì náà mu. Ó gbé ìkòkò omi ka sítóòfù, ó so èkínní mọ́ wáyà, ó sì fi kọ́ sínú omi, tòun ti gíláàsì ìwọn-ooru. Omi gbóná, omi hó, ìlẹ̀kùn rẹ̀ kò mira. Ó yọ ọ́, ó jù ú nù.

"Bí tìẹ ìjọ́sí ṣe rí nìyẹn. Mẹkáníìkì rẹ kì í ṣe òmùgọ̀. Nǹkan náà gan lóòótọ́, ó sì yẹ kó yọ ọ́. Ibi tó ti ṣì í ni pé ó fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀ lófo."

Ó bu omi tútù rọ́pò, ó kọ́ èkejì sínú rẹ̀. Ó ní kí ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó wò ó. Wọ́n kọ nọ́ńbà kan sí i nídìí: méjìdínláàádọ́rùn-ún. Omi dé àádọ́ta, kò sí nǹkan. Ó dé ọgọ́rin, kò sí nǹkan. Ó dé márùndínláàádọ́rùn-ún, ó dúró bẹ́ẹ̀. Bí ó ti dé méjìdínláàádọ́rùn-ún, láìsí ọwọ́, láìsí bátìrì, láìsí ohùn kankan, ìlẹ̀kùn idẹ náà gbéra kúrò lórí ìjókòó rẹ̀. Ó ṣí díẹ̀díẹ̀ bí ojú ẹni tí ń jí.

Ìyá náà yọ ọ́ sínú atẹ́gùn ọyẹ́. Ó padé. Ó dá a padà sínú omi. Ó ṣí.

"Kí ló wà nínú rẹ̀, Màmá?"

"Ìda."

"Ìda bí ti àbẹ́là?"

"Ìda. Bó bá yọ́, ó ń wú. Bó bá ń wú, ó ń ti ìlẹ̀kùn. Bó bá dì, sípíríǹgì á dá a padà. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Ó lè tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó ti wà nínú òkùnkùn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹni tí kò mọ̀ pé ó wà láyé."

Ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá náà ṣe é. Ọkùnrin náà wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ti ń rí òròmọdìyẹ tí ń fọ́ ẹyin jáde fún ọdún mọ́kànlá, kò sì rò pé ohun kan tún lè yà á lẹ́nu bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìyá náà da ọ́ìlì àtijọ́ nù, ó rọ tuntun sí i. Ó ha ìdọ̀tí èéfín kúrò lẹ́nu púlọ́ọ̀gì. Ó fi ìlẹ̀kùn kékeré náà sí ààyè rẹ̀, ó sì dé họ́ọ̀sì. Nígbà tí ó wọ inú ọkọ̀ láti ṣíná, ó rí tépù dúdú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó fi èékánná ṣí i kúrò.

"Ẹni tó ń pè ọ́ lo dí lẹ́nu," ó wí.

Ọkùnrin náà gun òkè. Ọwọ́ aago ooru tí ó ti sùn láti oṣù kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Ó kọ́kọ́ bà á lẹ́rù. Ó dìde dé àárín, ó sì dúró síbẹ̀, kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ ń fà bí ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ rà á. Ó ń wò ó bí ó ti ń wakọ̀, ó ń rántí ìda tí ń yọ́ tí ó sì ń dì níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Àwọn obìnrin ṣí páálí ní ọ̀sán. Mẹ́ta ló kú nínú irinwó. Ìyá tí ó jẹ́ olórí gbé ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́yìn, ó wò ó bí ó ti ń ta ìyẹ́.

"Bàbá Òròmọdìyẹ," ó wí, "ìgbà wo lẹ máa gbé ìyókù wá?"

Ọ̀rẹ́ mi, mo ti sọ ìtàn náà tán. Èyí tí ó kù jẹ́ tìrẹ.

Ohun kan wà nínú ayé rẹ tí ó máa ń dá ọ dúró. Ó lè jẹ́ ènìyàn, bí ìyàwó tí ó máa ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká sùn lé e lórí," tàbí ọ̀rẹ́ tí ó máa ń bi ọ́ ní ìbéèrè kan náà ṣáá. Ó lè jẹ́ ìwà tí o kọ́ láti kékeré, bíi pé o kì í fèsì nígbà tí inú bá ń bí ọ. Ní ọjọ́ kan, ohun náà ṣe àṣìṣe. Ó tì nígbà tí ó yẹ kí ó ṣí. Ó mú kí o pàdánù ohun rere kan, ara rẹ sì gbóná. O yọ ọ́ kúrò, ara tù ọ́, àwọn ènìyàn sì bá ọ yọ̀.

Èmi kò ní sọ pé o kò ní ìdí. O ní ìdí. Ohun tí mò ń bi ọ́ ni pé, kí lo fi sí ààyè rẹ̀? Láti ìgbà tí kò ti sí ẹni tí ń dá ọ dúró mọ́, ṣé o kò ti máa sọ ju ohun tí ó yẹ lọ, tí o ń ṣe ìlérí ju èyí tí o lè mú ṣẹ, tí o ń ná agbára rẹ síbi tí kò sí iṣẹ́? O ń rò pé ara rẹ balẹ̀. Bi àwọn tí ń bá ọ gbé, kí o gbọ́ bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rí i.

Bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, orúkọ ẹnì kan ti wá sí ọ lọ́kàn. Kò pọn dandan kí o sọ ọ́ fún mi. Bí ó bá ṣàṣìṣe nígbà náà, sọ ọ́ fún un lójúkojú, kí ẹ jọ tún un ṣe. Ilé rẹ̀ kò jìnnà, ojú ọjọ́ sì ṣì mọ́lẹ̀. Dìde, kí o lọ kí i.